Ohun Tí Mama Sin Sábẹ́ Igi Áàpù

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ààfin àwọn ọba Rọ́ṣíà, Peckham ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti dé Rọ́ṣíà rí. N kò dé ibẹ̀. Ìwó ni mo ti wá. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo ta aṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà tí mo sì di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo wá sí London láti máa tọ́jú arúgbó.

Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, nítorí náà òtútù kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ọkùnrin kan tí ó ń ta ẹja ní Rye Lane. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, tútù ni àbí yíyan?" Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí n óò fi ra ẹja. N kò rí i lò.

Ohun kejì ni ilé tí mo ń gbé ní Walworth, nítòsí ọjà East Street. Èèyàn márùn-ún ni wá nínú ilé náà, yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná kan. Bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà a ó kí ara wa dáadáa, a ó béèrè àlàáfíà ara wa, olúkúlùkù á wọlé lọ, á ti ilẹ̀kùn. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìró ilẹ̀kùn ni mo ń gbọ́ ju ohùn èèyàn lọ.

Ohun kẹta ni orúkọ. Arúgbó àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Vera ni kí n máa pè é. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Walworth dé Peckham, ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mama," ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí títí. Ó ní òun kọ́ ni ìyá mi. Mo ní mo mọ̀, Mama. Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ orúkọ sì parí síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé kan lẹ́yìn Rye Lane ni Mama ń gbé, pẹ̀lú ọgbà kékeré kan lẹ́yìnkùlé àti igi áàpù kan nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Nina, ń gbé ní Surrey Quays, ó sì ń wá ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọjọ́ yòókù, èmi ni.

Ìwé iṣẹ́ wà lórí tábìlì ìdáná. Ohun gbogbo tí mo bá ṣe fún Mama, inú rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Ọ̀gá tí ó ń pín iṣẹ́ fún wa, Sister Kudi, ọmọ Ìbàdàn, kò fún mi ní ju òfin kan lọ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, mọ́ṣáláṣí kan náà ni a sì ń lọ, nítorí náà ó rọra sọ ọ́: "Àǹtí, ohun tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

Mo fẹ́ràn òfin náà. Mo ń kọ wákàtí tí mo dé, iye búrẹ́dì tí Mama jẹ, ẹsẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé sínú báàfù. Ní oṣù kejì, Sister Kudi pè mí lórí fóònù, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má kọ ọ́ mọ́ pé búrẹ́dì jó díẹ̀ létí. Mo ní ó jó ni. Ó ní òun mọ̀.

Àwòrán ilé ńlá kan wà lára ògiri yàrá Mama. Ilé náà ní àwọ̀ ìyeyè, ó ní òrùlé róbótó láàárín, odò kékeré sì ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé sẹkitéríátì ni. Mama ní ààfin ni. Pavlovsk ni orúkọ ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ni ìyá òun ti ṣiṣẹ́, òun náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wá wo ààfin, tí ó wo òun pẹ̀lú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Mama ní ìwúwo Rọ́ṣíà, tèmi ní ti Ìwó. A gbọ́ ara wa yé ju bí Nina ṣe ń gbọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì lọ.

Bí mo bá ń bọ ìbọ̀sẹ̀ fún un láàárọ̀, a máa sọ ìtàn ààfin náà fún mi. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àyìlà, n óò pe ìyá mi ní Ìwó, n óò sì sọ ọ́ fún un. Tẹ́lẹ̀, a kì í ní ohun púpọ̀ láti sọ. Á béèrè bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Ààfin náà ló là wá lóhùn.

Mo sọ fún un pé igbó ọdẹ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọbabìnrin kan ló jọba ní Rọ́ṣíà nígbà náà. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí àkọ́bí, ó fi igbó náà ta wọ́n lọ́rẹ, kí wọ́n lọ kọ́lé síbẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ṣé ìyá àti ọmọ yẹn ń gbọ́ ara wọn?"

Mo ní rárá, wọn kì í fẹ́ rí ara wọn.

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá fi igbó ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, ó fẹ́ kó jìnnà ni."

Mo sọ fún un pé ọkùnrin tí ó kọ́ ààfin náà, láti London ni ó ti lọ. Ìyàwó ọmọ ọba a máa bá a jiyàn lórí ọ̀dà ògiri, lórí òpó, lórí bí nǹkan ṣe ń pẹ́, bí kò bá sì sí nílé, a máa kọ lẹ́tà. Ọkùnrin náà kò bọ̀ wálé. Rọ́ṣíà ló kú sí. Èmi mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún ìyá mi. Ohun tí mo sọ ni pé àwọn tí ó ṣe ọgbà ààfin náà gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n yí omi padà, wọ́n gbin igi lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí yóò fi dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, bíi pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a.

"Iṣẹ́ tó bá dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò ṣe é," ni ìyá mi wí, "wọn ò ní dúpẹ́ ẹ̀."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Bí Nina bá dé ní Sátidé, tí ara Mama mọ́, tí irun rẹ̀ gún, tí ilé ń ta sánsán, Nina á ní ara Mama mà le lọ́sẹ̀ yìí. Ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a.

Ìtàn náà ń lọ. Ọmọ ọbabìnrin náà jọba lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àwọn ìjòyè rẹ̀ pa á nínú iyàrá rẹ̀. Opó rẹ̀ padà sí ààfin inú igbó yẹn, ó ń gbin òdòdó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí aṣọ àga, nígbà tí ó sì máa kú ó kọ ọ́ sínú ìwé ogún pé kí wọ́n má ṣe gbé ohun kan kúrò níbi tí òun fi í sí. Ìyá mi fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ abẹ́ àga. N kò mọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Mama ní ọjọ́ Ajé. Mama ní ìbéèrè gidi ni, ní gbogbo ọdún tí òun fi mú àlejò káàkiri ààfin, ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ rí.

Apá ti ogun kò ṣe é sọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbà wá ní mẹ́ta. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ń bọ̀, ó sì ku obìnrin díẹ̀ nínú ààfin, ìyá Mama wà lára wọn. Ohun tí wọ́n lè dì, wọ́n dì í lọ. Àwọn ère inú ọgbà wúwo jù, nítorí náà wọ́n sin wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ihò jìn ju bí èèyàn ṣe ga lọ, wọ́n rọra tẹ́ ère sínú rẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n fi ewé gbígbẹ sórí rẹ̀. Ìdí tí ó fi jìn tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé ọmọ ogun á wá a, á gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, á rẹ̀ ẹ́, á lọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

"Àwọn obìnrin yẹn mọ ọkùnrin," ni ìyá mi wí.

Ìyá Mama kọ ọ́ sínú bébà bí ère kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí igi: ẹsẹ̀ báyìí láti ìdí igi báyìí. Wọ́n pinnu pé kò sẹ́ni tí yóò hú wọn títí àwọn ọmọ ogun yóò fi lọ tán. Ó lé lọ́dún méjì kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n dáná sun ààfin. Wọ́n ti gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ọgbà. Nígbà tí àwọn obìnrin náà padà, bébà wà lọ́wọ́ wọn, igi kò sí. Ó di pé kí wọ́n wá kùkùté kí wọ́n tó lè ka ẹsẹ̀. Wọ́n hú àwọn ère náà. Wọ́n tún ààfin kọ́. Nígbà tí Mama di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wà lára àwọn tí ó ń gbin igi padà, igi kan tí òdòdó rẹ̀ máa ń ta sánsán nígbà ooru, n kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, n kò sì rò pé ó ní. Ojú ibi tí igi àkọ́kọ́ wà gan-an ni wọ́n gbìn ín sí.

Ní òwúrọ̀ tí ó sọ ìyẹn, mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń sin ibi ọmọ tuntun sínú ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìdí igi ọsàn ni wọ́n sin tèmi sí. Wọ́n ti gé igi náà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọ́n ń gba iná sí fóònù fún aráàlú níbẹ̀. Mama kò kẹ́dùn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mélòó láti ibo?"

N kò mọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọjà. Ní ọjọ́ Àìkú mo bi ìyá mi. Ìyá mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde. Mo ń gbọ́ ohùn adìẹ. Nígbà tí ó padà ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́tàlélógún láti ẹnu kànga. Mo sinmi lẹ́ẹ̀kan." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi títí di òní. N kò lè ṣàlàyé ohun tí ó ṣe fún mi, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo sùn dáadáa.

Ní ọdún kejì, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí. Àkọ́kọ́, káàdì mi sọnù, káàdì ilé iṣẹ́ tí àwòrán ojú mi wà lára rẹ̀. Ara ìkọ́ aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mama ni mo máa ń fi í kọ́. Mo wá a, n kò rí i. Wọ́n fún mi ní òmíràn, wọ́n sì fi lẹ́tà ìkìlọ̀ sínú fáìlì mi. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Mama bẹ̀rẹ̀ sí ti fèrèsé lọ́sàn-án. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fi àwọn ọmọ ogun hàn, á na ọrùn síwájú, á bi mí pé, "Wọ́n ti dé ibo?" Mo ní ta ni, Mama. Á tún lọ wo fèrèsé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà léraléra mo tún kọ ọ́ pé: yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ èékánná, mo fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ keje, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo dé ní agogo mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Mama wà lórí ìkúnlẹ̀ nítòsí igi áàpù, ọkọ́ kékeré àfiṣọgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ihò níwájú rẹ̀, ohun kan tí ó fi táwẹ̀lì wé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tí ó bá ń ka èyí. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá dá wà láàárọ̀ kùtù, tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀, tí ó sì di nǹkan sínú aṣọ, a kì í wò ó, a kì í bi í. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo dúró wo ẹ̀gbọ́n baba mi obìnrin. Ó gbá mi létí. Bí mo bá rántí rẹ̀, etí náà ṣì ń hó. Nítorí náà ara mi ti yí padà kí n tó ronú. Mo wúkọ́ kí ó lè mọ̀ pé mo ti dé, mo wọlé, mo gbé kẹ́tù kaná.

Nígbà tí Mama wọlé, ó fọ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"O rí mi," ni ó wí.

"N kò rí nǹkan kan, Mama."

"Ó dára. Ti ìyá mi náà, ẹni díẹ̀ péré ló mọ̀."

Mo mú ìwé iṣẹ́. Mo kọ tíì, mo kọ búrẹ́dì méjì, mo kọ pé inú Mama dùn. N kò kọ ohunkóhun nípa igi áàpù. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo tí ó ṣojú mi tí n kò kọ nìyẹn. N kò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Bí ẹni pé mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nina ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ní Sátidé. Ṣíbí fàdákà mẹ́fà ti ìyá ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ife fàdákà méjì tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń gbé gíláàsì tíì sí kò sí. Agogo ọwọ́ baba rẹ̀ kò sí. Nina kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pe ọ́fíìsì.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Walworth Road nígbà tí Sister Kudi pè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì." Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n má lọ sí ọ̀dọ̀ Mama mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀, tí a ó jókòó sí ilé náà, kí Nina fi kọ́bọ́ọ̀dù hàn wá. Kò sọ ìyókù, mo mọ ìyókù. Orí ìwé ilé iṣẹ́ wa ni físà mi dúró lé. Bí wọ́n bá lé mi, mo ní ọgọ́ta ọjọ́ láti rí ẹlòmíràn tí yóò gbà mí, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba kéà, olùtọ́jú arúgbó, tí wọ́n kọ olè sí fáìlì rẹ̀. Ìwó ni n óò padà sí, pẹ̀lú orúkọ yẹn.

"Àǹtí, nítorí Ọlọ́run," ni Sister Kudi wí, "ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé èmi ò mú un."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Ọmọ Ìbàdàn ni, ó yẹ kó yé e. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

Ó pòṣé. "Peckham la wà o, Àǹtí. Fọ́ọ̀mù tí mo máa kún, kò síbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àgbà sí."

Mo pe ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó máa ń tú ohùn fóònù síta kí àwọn ará ilé lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ààfin. Lọ́jọ́ yẹn ó pa á.

"Ṣé o ṣèlérí fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ní mi ò rí nǹkan kan."

"Má tú u nígbà náà. Ẹni tó sin nǹkan ló ń hú u. Àwọn obìnrin ààfin yẹn, kí ni wọ́n dúró dè kí wọ́n tó hú tiwọn?"

"Ó di ìgbà táwọn ọmọ ogun bá lọ tán."

"Ṣé wọn ò tíì lọ ni?" ni ìyá mi bi mí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà. N kì í parọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí ẹni yẹ aṣọ wò bóyá ó lu. Àwọn ọmọ ogun Jámánì kúrò ní Pavlovsk kí baba mi tó gbéyàwó. N kò rí ihò kankan níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mama wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí a dé. Nina ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi àpótí ṣíbí hàn wá, aṣọ pupa inú rẹ̀ ní ojú ihò mẹ́fà. Ó ní òun kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Èmi ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́. Sister Kudi ṣí ìwé iṣẹ́, ó fi ìka sí i. Ó bi mí ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀: "Yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ èékánná, ọjọ́ mẹ́fà. Níbo ni yẹ̀pẹ̀ ti wá, Àǹtí?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Mama. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀.

"Mama, wọ́n ti lọ."

Ojú rẹ̀ wá sára mi díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Mama. Ẹ̀yin lẹ sọ bí wọ́n ṣe lọ fún mi."

"Wọ́n sun ààfin."

"Wọ́n sun ún. Ẹ ti tún un kọ́."

"Àwọn igi ńkọ́?"

"Ẹ ti gbìn wọ́n padà."

Nina ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Sister Kudi fọwọ́ kàn án lápá. Mama wo fèrèsé títí, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé kóòtù òun wá.

Ó fi ẹ̀yìn ti igi áàpù, ó kọjú sí ilé, ó sì ń ka ẹsẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà. Méje ni. Ó fi ọ̀pá tí ó fi ń rìn gún ilẹ̀. Mo mú ọkọ́ kékeré náà, mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí ọkọ́ fi kan irin. Agolo bísíkíìtì ni. Nina já a gbà, ó ṣí i. Àwo fífọ́ ló kún inú rẹ̀.

"Ìyẹn nìkan?" ni Nina wí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ó gbá orí mú, ó ní kí n dáwọ́ dúró, ó tó.

Mo wo Mama. Mama gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ọgbà aládùúgbò. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo sì rántí pé ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, á rẹ̀ ẹ́, á lọ. N kò dáwọ́ dúró. Mo gbẹ́ ẹ títí apá mi fi wọlẹ̀ dé èjìká, ìbòrí mi ń wọ́ nínú yẹ̀pẹ̀. Nígbà náà ni ọwọ́ mi kan táwẹ̀lì.

Ṣíbí mẹ́fà. Ife fàdákà méjì. Agogo ọwọ́ kan, ó ti dúró. Fọ́tò obìnrin kan tí ó di ọkọ́ mú. Nina gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kò burú. Ó ku ohun kan nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Mo fà á yọ.

Káàdì mi ni. Ojú mi ń wò mí, ìbòrí aláwọ̀ ewé tí mo wé lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan lára rẹ̀.

Mama ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ."

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí. N kò jà á níyàn.

Sister Kudi kọ̀yìn sí wa, ó ń wo ara igi áàpù bí ẹni pé ìwé wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó yíjú padà, ohùn iṣẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní mo mọ̀ pé òun máa kọ lẹ́tà, nítorí pé mo rí i, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní mo mọ̀, kí ó kọ ọ́. Ìyẹn di lẹ́tà kejì nínú fáìlì mi. Kò sí àṣìṣe nínú òun náà. Káàdì àtijọ́ náà kò wúlò mọ́, ó ní kí n sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n Mama na ọwọ́ sí i.

"Ẹ kó àwọn ṣíbí wọlé," ni ó wí. "Èyí, dá a padà."

"Mama, wọ́n ti lọ," ni Nina wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n lè padà wá."

Mo rò ó. Físà mi ń parí ní ọdún tí ń bọ̀, èmi náà kò mọ ẹni tí yóò wá tàbí tí kò ní wá. N kò rí ìdí tí mo fi máa sọ pé ọ̀rọ̀ Mama kò tọ́. Mo fi káàdì náà padà sínú ìbọ̀sẹ̀. Mama gbà á, ó fúnra rẹ̀ jù ú sínú ihò, a jọ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, èmi pẹ̀lú ọkọ́, òun pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní kí n fi ewé sórí rẹ̀. Mo fi ewé sórí rẹ̀. Nina gbé agolo bísíkíìtì dání, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Lẹ́yìn náà mo mú Mama wọlé, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo gbé kẹ́tù kaná. Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná, mo ṣí ìwé iṣẹ́ sí ojú ewé tuntun, mo sì kọ ọ́:

Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mama sin káàdì kan sínú ọgbà, ẹsẹ̀ méje láti ìdí igi áàpù sí ìhà ilé. Yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ èékánná, mo fọ̀ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i.